Lẹ́tà kankan ò ní wá fún Dádì

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba ni mo dìídì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá nínú ilé, tẹ́ ẹ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì níta, tó jẹ́ pé bí lẹ́tà bá ti wọlé láti ọsibítù, ẹ̀yin ni Dádì máa nà án sí pé, "Bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí."

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ prostate la fẹ́ sọ, orí lẹ́tà yẹn náà la ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Tí èèyàn bá ti pé ọmọ ọdún 50 nílẹ̀ England, títí tó fi máa di ẹni 74, NHS á máa fi àpòòwé kékeré kan ránṣẹ́ sí i lọ́dún méjì-méjì. Ike kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ní igi tín-ín-rín. Èèyàn á fi igi yẹn kan ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á dé e padà, á fi ránṣẹ́. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun nìyẹn. Mọ́mì náà ń gba lẹ́tà tiwọn: ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàbá, láti Woolwich Dockyard títí dé Thamesmead, fi gbà pé ìjọba ti yẹ gbogbo ara wọn wò. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní, "Mo ti fi tèmi ránṣẹ́, wọ́n ní kò sí nǹkan kan." Òótọ́ ni, kò sí nǹkan kan nínú ìfun. Ṣùgbọ́n ìfun kọ́ ni prostate. Ẹnikẹ́ni ò tíì wo ibẹ̀.

Kò sí ètò tí ìjọba fi ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ọkùnrin fún àyẹ̀wò prostate lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa lọ bèèrè. Kódà, ìlànà tí àwọn GP ti ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọkùnrin tí kò ní àmì àìsàn kankan. Ọkùnrin fúnra rẹ̀ ni kó dá a sílẹ̀. Ẹ wá wo bàbá Yorùbá. Lójú tiwọn, bí dókítà ò bá sọ nǹkan kan, ara le nìyẹn. Dókítà ń dúró de Dádì, Dádì ń dúró de dókítà. Ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí yìí ni àrùn ti ń ráyè.

Kí ni prostate gan-an? Kókó kékeré kan ni, inú ara ọkùnrin nìkan ló wà, nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju awùsá kan lọ. Òun ló ń ṣe lára omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde gba àárín rẹ̀ kọjá, bí okùn tó gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, kókó yẹn máa ń wú, á wá fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí Dádì máa jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru, kí wọ́n dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó wá, kí ó sì máa kán tótó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe tán. Wíwú lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nígbà tí Ọba Charles lọ ṣe ìtọ́jú prostate tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024, wíwú yìí náà ni wọ́n lọ tọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí o. Ẹ̀yìn kókó náà, lápá ìta, ni jẹjẹrẹ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Kò fún nǹkan kan pọ̀, kò dun èèyàn. Ọkùnrin lè máa tọ̀ bí ọmọ ogún ọdún kí jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, tí Dádì bá ní "Ìtọ̀ mi ń yọ dáadáa, kí ni mo fẹ́ lọ wò?", ìdáhùn yẹn ò bá ìbéèrè mu rárá.

Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n rí àmì, orúkọ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Nílé Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jẹ̀bi gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ìbàdí ń ro èèyàn: jẹ̀díjẹ̀dí. Nǹkan ọmọkùnrin ò ṣiṣẹ́ mọ́: jẹ̀díjẹ̀dí, ṣúgà ti pọ̀ jù. Tí ìtọ̀ bá wá ń ta èèyàn, àtọ̀sí nìyẹn, ìtìjú sì wọ̀ ọ́, torí gbogbo ayé mọ bí wọ́n ṣe ń kó àtọ̀sí. Bàbá á wá ra ìgò agbo, á fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní sọ fún Mọ́mì pàápàá. Èmi ò bá agbo jà níhìn-ín. Ohun tí mò ń sọ ni pé agbo ò lè sọ fún yín ohun tó wà nínú prostate. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí bá sì ń ro bàbá nítorí jẹjẹrẹ yìí, àrùn náà ti kúrò nínú kókó, ó ti wọ eegun. Tí ẹsẹ̀ bá dédé ń rọ bàbá tó ti ní jẹjẹrẹ prostate, tàbí tí ìtọ̀ bá há pátápátá, ẹ má dúró de GP, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí A&E. Àrùn lè ti máa tẹ okùn inú eegun ẹ̀yìn, wákàtí díẹ̀ sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó máa rìn àti ẹni tí kò ní rìn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà, torí wọ́n máa ń sọ ọ́ lásọìparí. Nílẹ̀ UK, ọkùnrin 1 nínú 8 ni jẹjẹrẹ prostate máa mú lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Ẹ wo tábìlì ọkùnrin mẹ́jọ níbi ìnáwó kan ní Plumstead, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí kan náà: méjì nínú wọn nìyẹn. Ìwádìí tó fi èyí hàn, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2015, ó sì sọ nǹkan mìíràn tí wọn kì í kà tán fún wa. Ó ní àrùn náà máa pa aláwọ̀ dúdú 1 nínú 12, á sì pa aláwọ̀ funfun 1 nínú 24. Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn tí àrùn náà ti mú, dúdú o, funfun o, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń pa. Ìyẹn ni pé ó ń mú wa jù wọ́n lọ ni, ó sì máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe pé tó bá ti mú dúdú, ó ti parí nìyẹn.

Ẹ rántí Wọlé Ṣóyínká. Ìparí ọdún 2013 ni wọ́n rí i lára wọn, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni 79. Wọ́n gba ìtọ́jú, ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2014 kí wọ́n tó sọ ọ́ ní gbangba fáráyé gbọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n pé 90. Ti Nelson Mandela, ọdún 2001 ni. Wọ́n gba ìtọ́jú, wọ́n sì tún lo ọdún méjìlá láyé lẹ́yìn ẹ̀. Mo dárúkọ àwọn méjèèjì torí pé àwọn bàbá wa mọ̀ wọ́n, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún Dádì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Ṣóyínká. Ó sàn ju kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ikú lọ. Àwọn àgbà náà ló ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú.

Ó dára, kí la máa ṣe? Ọkùnrin tó bá ti pé 50 ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ GP rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ire àti ibi tó wà níbẹ̀ fún un. Àjọ Prostate Cancer UK ní kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti lọ bá GP sọ̀rọ̀ láti ọdún 45. Kí ẹni 50 tó pé, ọwọ́ GP ló kù sí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ti ń lo fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, iṣẹ́ tiyín sì nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí: ọjọ́ orí Dádì, pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, bóyá bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ti ní in rí, àti pé wọ́n fẹ́ ṣe PSA. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fọ̀wọ̀ bi wọ́n ní ìdí, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdí náà sínú fáìlì.

Sí Dádì fúnra wọn, ẹ má sọ ọ́ níwájú àlejò, ẹ má sì sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí Mọ́mì ń gbọ́. Inú ọkọ̀ dáa, torí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ ṣe lọ́dọ̀ GP." Mo mọ ohun tí wọ́n máa dáhùn: "Ṣé èyí tí wọ́n máa ń ti ìka bọ èèyàn nídìí? Láéláé!" Ẹ dá wọn lóhùn pé apá ni wọ́n ti máa fa ẹ̀jẹ̀ yìí. Kò di dandan kí ọkùnrin gba ìka kó tó lè ṣe PSA. Tí dókítà bá fẹ́ fọwọ́ wò ó, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, bàbá sì lè ní rárá, kí wọ́n ṣì fa ẹ̀jẹ̀ náà. Mo rò pé ìka yìí nìkan ti lé ọkùnrin púpọ̀ sá ju jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, kí Dádì yàgò fún ìbálòpọ̀ àti eré ìdárayá tó le, pàápàá kẹ̀kẹ́ gígùn, fún wákàtí 48. Tí àìsàn ìtọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn, kí wọ́n dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tí bàbá bá ń lo oògùn finasteride fún prostate tó wú, oògùn yẹn máa ń dín PSA kù sí bí ìdajì, nọ́ńbà tó dà bíi pé ó dáa lè máà dáa. Ẹ rán dókítà létí. Ẹ sọ ti agbo náà fún un, kí ẹnikẹ́ni má tijú.

PSA kì í ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Ohun kan tí prostate ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Wíwú lè mú un gòkè, àìsàn ìtọ̀ lè mú un gòkè, jẹjẹrẹ náà lè mú un gòkè. Láàárín ọdún 50 sí 69, tí kò bá sí àmì àìsàn, tó bá ti dé 3, wọ́n sábà máa ń fi ọkùnrin ránṣẹ́ sí ọsibítù. Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí tiwọn ga ni kò ní jẹjẹrẹ. Àwọn kan sì wà tí tiwọn ò ga, tí wọ́n ní in. Àìdúró sójú kan yìí wà lára ìdí tí ìjọba ò fi tíì kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má gba "ó dáa" nìkan lẹ́nu akọ̀wé GP. Ẹ gba nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tó bá ń gòkè lọ́dọọdún.

Ó yẹ kí n sọ ti ìjọba díẹ̀ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí irú àyẹ̀wò báyìí gbé àbá jáde. Wọ́n ní kí wọ́n máa pe àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní àbùkù àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní BRCA, ṣùgbọ́n wọn ò lè dábàá pé kí wọ́n máa pe gbogbo aláwọ̀ dúdú, torí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nípa wa ò tó. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yẹ kó bí wọn. Àwọn tí àrùn ń mú jù ni ìwádìí ò kà kún. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ báyìí tó ń jẹ́ TRANSFORM, owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 42 pọ́n-ùn, wọ́n sì pinnu pé ó kéré tán, ọkùnrin 1 nínú 10 tí wọ́n máa pè gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwa ni wọ́n máa pè láti ọdún 45, àwọn tó kù láti 50. Èèyàn ò lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ló ń yan ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó lè wá fún Dádì lórí prostate nìyẹn. Tó bá bọ́ sí ilé yín, kó má bọ́ sínú àpò ìdọ̀tí pẹ̀lú ìwé ìpolówó písà.

Ká ní nọ́ńbà ga ńkọ́? Láti ọjọ́ tí GP bá ti fi ìwé kánjúkánjú ránṣẹ́, àfojúsùn NHS ni pé kí wọ́n ti sọ fún yín láàárín ọjọ́ 28 bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Fún ará Woolwich, Queen Elizabeth Hospital tó wà ní Stadium Road ló súnmọ́ jù. MRI ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ariwo rẹ̀ pọ̀, kò sì dun èèyàn. Nígbà kan rí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún sí i láìríran. Ní báyìí, tí MRI bá mọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò ní nílò abẹ́rẹ́ mọ́. Tí kò bá mọ́, biopsy ló kàn: wọ́n á pa ibẹ̀ kú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gba awọ ara tó wà láàárín kórópọ̀n àti ihò ìdí, wọ́n á mú ẹran prostate díẹ̀díẹ̀ lọ wò. Ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè wà nínú àtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ sọ ọ́ fún Dádì ṣáájú, kí wọ́n má bàa rí i lójijì kí wọ́n rò pé wọ́n ti ba àwọn jẹ́.

Èsì á wá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó ń da ilé rú: Gleason. Wọ́n á ní "Gleason 6", ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé níbí á sì rò pé 6 nínú 10 ni, pé àrùn ti kọjá ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. 6 ni nọ́ńbà tó kéré jù tí wọ́n ń fún jẹjẹrẹ prostate. 10 ló ga jù. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń rò pọ̀, 3 pẹ̀lú 3, tàbí 3 pẹ̀lú 4. Èyí tó ṣáájú ló fi irú èyí tó pọ̀ jù hàn, ìdí nìyẹn tí 3 pẹ̀lú 4 fi sàn ju 4 pẹ̀lú 3 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 7 ni méjèèjì. Ẹ lóye èyí dáadáa kẹ́ ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ fún Dádì. Ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ bá ṣì sọ níbẹ̀ lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún.

Tí Gleason bá kéré, tí àrùn sì wà nínú kókó nìkan, dókítà lè ní kí wọ́n má tíì ṣe nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ. PSA lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, MRI, bóyá biopsy míì. Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, torí mo mọ ohun tí Dádì máa sọ nínú ọkọ̀ bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé: "Torí pé mo jẹ́ dúdú ni. Torí mo ti dàgbà. Wọ́n fẹ́ kí n kú." Ìwádìí ProtecT ṣe é láàárín ọkùnrin 1,643 nílẹ̀ UK: wọ́n ń ṣọ́ àwọn kan, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n fún àwọn kan ní ìtànṣán. Lẹ́yìn ọdún 15, nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ náà ò pa. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn ló jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ó tọ́ kẹ́ ẹ bi dókítà pé kí ló mú un dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ náà ni fún Dádì, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìṣọ́ náà jẹ́ ìṣọ́ tòótọ́, tó ní ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ tó wá rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn fún ọdún kan láìṣe PSA, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ mọ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ wò ó sàn pátápátá, iṣẹ́ abẹ ni tàbí radiotherapy, ìyẹn ìtànṣán alágbára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: méjèèjì lè ba agbára ọkùnrin lórí ibùsùn jẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtọ̀ lè máa jò fún oṣù mélòó kan, bàbá á nílò páàdì. Nọ́ọ̀sì á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fún iṣan ìsàlẹ̀ ara le kí ó tó dáwọ́ dúró. Ti ìtànṣán, ó lè da ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rú, ó sì sábà máa ń gba ogún ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Monday sí Friday. Guy's ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ London Bridge, reluwé láti Woolwich Dockyard sì ń dúró níbẹ̀. Ó tún ní ẹ̀ka ní Queen Mary's ní Sidcup. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti máa ṣe é, torí ogún ìrìn àjò kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Ìtọ́jú họ́mọ́ọ̀nù tún wà. Testosterone, tó ń mú ọkùnrin ṣe bí ọkùnrin, òun ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ bí oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ á gé oúnjẹ náà kúrò. Bàbá á máa làágùn lójijì bí obìnrin tó ti ń kúrò lọ́mọ bíbí, ọmú lè wú díẹ̀, ìfẹ́ obìnrin á lọ sílẹ̀, á máa rẹ̀ wọ́n, eegun á sì máa fẹ́lẹ́. Tí Mọ́mì ò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n lè rò pé obìnrin mìíràn wà níta. Kí ẹnì kan ṣàlàyé fún wọn. Kódà tí àrùn bá ti wọ eegun, tí wọn ò lè wò ó sàn mọ́, abẹ́rẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn oògùn tuntun lè fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní ọdún púpọ̀ sí i.

Nítorí gbogbo nǹkan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí, ẹ má fi ara yín ṣe ògbufọ̀ nínú yàrá dókítà. Ẹ lè tẹ̀ lé Dádì lọ, ẹ lè máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá béèrè bóyá nǹkan ọmọkùnrin wọn ṣì ń le, ta ló fẹ́ dáhùn ìyẹn láti ẹnu ọmọbìnrin rẹ̀? Wọ́n á ní "Kò sí wàhálà," dókítà á sì kọ "kò sí wàhálà" sílẹ̀. NHS gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ Yorùbá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba ọjọ́ ìpàdé. Tí Dádì bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ jáde síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín tààrà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ti ní in, ewu tirẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Púpọ̀ nínú yín ti ń súnmọ́ 45. Àwọn bàbá wa máa ń fi àìsàn pamọ́ kí ayé má bàa gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún ọmọkùnrin wọn, GP ọmọ náà ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ bi wọ́n ní tààrà ohun tó pa Bàbá Àgbà. Tí wọ́n bá ní ìtọ̀ ló há, tàbí ìbàdí ló ń ro wọ́n kí wọ́n tó lọ, ẹ sọ ọ́ fún GP yín bó ṣe rí.

Nǹkan kéékèèké tó kù. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ kì í san owó oògùn nílẹ̀ England tí kò bá tiẹ̀ tíì pé 60. Fọ́ọ̀mù FP92A ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ GP. Nígbà tí wọ́n bá ti rí jẹjẹrẹ, nọ́ọ̀sì kan máa wà tí wọ́n yàn fún Dádì. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ fi pamọ́ sórí fóònù èèyàn méjì nínú ilé. Ní ti ilé ní December, ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá ni wọ́n sábà máa ń gún abẹ́rẹ́ họ́mọ́ọ̀nù yẹn. Tí Dádì bá fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́rin ní Nàìjíríà, ọ̀kan máa bọ́ sí àárín. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn tí àpótí bá ti kún.